Òrùlé La Rí Láti Òkè, A Kò Rí Ọ̀nà Omi

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí ìmọ̀ jọ́gíráfì àti àwòrán ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́ ní Òṣogbo

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú òjò. Ìbà àwọn tó tẹ ìlú yìí dó ni mo kọ́kọ́ jú. Ọmọ Òròkí, ọmọ ìlú aró, kí ìbà mi ṣẹ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, pàápàá jù lọ ẹ̀ka rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní GIS. Kí ni GIS? Bí a bá kọ ohun kan sínú kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ ilé, kànga, igi tàbí ọjà, tí a sì kọ ibi tí ó wà gan-an lórí ilẹ̀ mọ́ ọn, a lè bi kọ̀ǹpútà náà ní ìbéèrè tí ìwé lásán kò lè dáhùn. Ilé mélòó ló wà láàárín ọgọ́rùn-ún mítà sí odò? Ilé ìwé wo ló jìnnà sí ilé ìwòsàn jù? Iṣẹ́ GIS nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Tomlinson ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kánádà láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ wọn tó lọ súà lè mú jáde, tí wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá ní kí ènìyàn fi ọwọ́ ka àwòrán ilẹ̀ náà, iṣẹ́ náà kò ní parí bọ̀rọ̀.

Mo lè dúró síbí di ìrọ̀lẹ́ kí n máa ka orúkọ ẹ̀rọ fún yín. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ká mi lára, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí: sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè tó sì ń ya àwòrán ilẹ̀, ti wá rí òrùlé wa ju bí ó ti rí i rí lọ, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ òrùlé náà. Ẹni tó mọ ibẹ̀ wà láàárín wa, ó ń dàgbà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi í.

Ìlà èédú mẹ́ta lára ògiri

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ìlú yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé n kò tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́fà ń tọ ipa odò kékeré kan, ọ̀kan nínú àwọn odò wẹ́wẹ́ tó ń gba àárín ilé kọjá lọ bá Ọ̀ṣun. Fóònù wà lọ́wọ́ wa, àwòrán ilẹ̀ sì wà nínú fóònù: ìlà búlúù kan tí kọ̀ǹpútà fà, tó sọ pé ibí ni omi ń gbà. A tọ ìlà náà títí a fi dé ẹ̀yìn ilé kan tí kò sí omi níbẹ̀, tí kò sí àmì omi, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ ga ju ojú títì lọ.

Ìyá náà ti ń wò wá láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń wá?”

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ kú ọjà, mà. Odò la ń wá.”

Ìyá ní, “Ẹ ti fi odò sílẹ̀ lẹ́yìn. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí yìí.”

Ó mú wa wọlé. Kò sí àpò èlùbọ́ kan tó kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ó to gbogbo wọn sórí pákó, ó sì gbé pákó náà lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mẹ́ta. Lára ògiri, ó ti fi èédú fa ìlà mẹ́ta. Ìlà ìsàlẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ìlà kejì dé orúnkún. Ìlà kẹta ga ju ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná mànàmáná bọ̀ lọ. Ó fi ìka bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ. Kò dá ọdún kankan. Èyí àkọ́kọ́, ó ní ọdún tí ọmọ òun obìnrin ṣe ìgbéyàwó ni. Èkejì, ọdún tí wọ́n fẹ títì iwájú ilé. Ẹ̀kẹta, òru tí òun àti ọmọ-ọmọ òun sùn lórí tábìlì.

Ó tún sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ní kí wọ́n tó fẹ títì, ẹ̀gbẹ́ ilé àbúrò ọkọ òun ni omi ń gbà, kì í sì í wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ gbé títì sókè, tí páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ rẹ̀ kò tóbi tó, ni omi bá yí orí padà sọ́dọ̀ òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rò ó wò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá yìí sọ bí omi ṣe ga tó, ó sọ ìgbà tí ó dé, ó sì sọ ohun tó mú un yí ọ̀nà padà. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni olùwádìí ìkún omi ń wá káàkiri ayé, kò sì sí sátẹ́láìtì kan tó gbé wọn wá sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ohun tí ojú òkè rí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá bu ẹnu àtẹ́ lu sátẹ́láìtì. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni. Ní oṣù Keje ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì Landsat lọ sókè. Ọdún 1972 yẹn náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀, èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AFRIGIST báyìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì mọ̀ sí RECTAS. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo kò ní pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ni wọ́n fi ń ra àwòrán Landsat. Ọdún 2008 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìwádìí ti bú jáde bí omi, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ lè wo ìlú rẹ̀ bó ṣe rí ní ogún ọdún sẹ́yìn, kí ó sì fi wé ti òní. Àwòrán náà pín ilẹ̀ sí ẹyọ ẹyọ, ẹyọ kan jẹ́ mítà 30 níbùú àti lóròó, ìyẹn tóbi ju pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ. Ti Sentinel-2, tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí gbé lọ sókè ní 2015, jẹ́ mítà 10. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn: NigeriaSat-1 gòkè ní 2003, NigeriaSat-2 tẹ̀lé e ní 2011, ojú ti ìkejì yìí sì mú débi pé ó lè ya ohun tí kò ju mítà méjì ààbọ̀ lọ sọ́tọ̀.

Ní 2021, àwọn olùwádìí Google, tí ọ́fíìsì wọn tó wà ní Àkrà ní ilẹ̀ Gánà kó ipa pàtàkì nínú iṣẹ́ náà, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka òrùlé tó tó mílíọ̀nù 516 lórí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Áfíríkà. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ènìyàn ló kọ́kọ́ jókòó, tí wọ́n fi ọwọ́ fa ìlà yí òrùlé ká lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ ohun tí òrùlé jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà ń dá a ṣe. Àwòrán tí ìbá gba ogún ọdún lọ́wọ́ àwọn awọnlẹ̀ ti wà nínú íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo gbé àkọsílẹ̀ náà lé orí àárín ìlú wa, mo rí agbo ilé kan tí kọ̀ǹpútà kà sí ilé ẹyọ kan ṣoṣo. Páànù ilé kan wọnú ti èkejì, èkejì wọnú ti ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe máa ń kọ́ ọ. Ìdílé mélòó ló wà lábẹ́ páànù yẹn? Ta ló ní yàrá tí ó ti àpótí baba rẹ̀ mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Èkó, tí kì í wálé àfi nígbà ọdún Ọ̀ṣun? Òrùlé kò sọ ìyẹn. Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà wáyé ní 2006, ó sì fi hàn pé a tó mílíọ̀nù 140. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó ìbò dì. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń ka òrùlé láti òkè, wọ́n ń lọ bi àwọn ilé díẹ̀ léèrè iye ènìyàn tó ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìkíní sọ èkejì di púpọ̀ láti mọ iye wa. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé apá kejì iṣẹ́ náà, kíkan ilẹ̀kùn kí a béèrè, ni ó fún apá àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀.

Ìwúlò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti nǹkan bí 2012, nígbà tí wọ́n ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní àríwá Nàìjíríà, àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi rí àwọn abúlé tí kò sí nínú àwòrán tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ yà, abúlé tí kò sí ẹni tó ń gbé àjẹsára lọ síbẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ tí kì í ṣe láti ara àjẹsára ti kúrò ní Áfíríkà. Ọwọ́ àwọn tó ya àwòrán wà nínú rẹ̀.

Wíwọn obìnrin pẹ̀lú gèlè lórí

Wàyí o, kí ló dé tí ìlà búlúù inú fóònù wa fi ṣìnà? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́ díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í rí odò kékeré. Gíga ilẹ̀ ni ó ń wò, ó sì ń ṣírò ibi tí omi yóò ṣàn sí. Níbo ló ti rí gíga ilẹ̀? Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà, tó ń fò ga ju ibi tí bàálù ń dé lọ, fi ọjọ́ mọ́kànlá yí ayé po, ó ń fi rédà, ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì rédíò lu nǹkan láti mọ bí ó ṣe jìnnà tó, wọn gíga ilẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, púpọ̀ nínú ìwádìí ìkún omi ní Áfíríkà láti ìgbà náà ló sì dúró lé e. Ṣùgbọ́n rédà kì í la páànù kọjá. Ibi tí ilé wà, orí páànù ló wọ̀n. Ibi tí igbó wà, inú ewé lókè igi ló wọ̀n. Ó dà bí ìgbà tí a fẹ́ mọ bí obìnrin ṣe ga tó, tí a wá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gèlè lórí. Bí gbogbo obìnrin bá wé gèlè kan náà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wé e ga, ẹnì kan wé e pẹlẹbẹ, ẹnì kan kò wé nǹkan kan.

Ní ìlú tí ilé rọ̀ mọ́ra wọn bíi tiwa, gèlè yìí ló ń bo odò mọ́lẹ̀. Ilé tó wà lọ́tùn-ún odò àti ilé tó wà lósì rẹ̀ fara kanra, odò tí kò ju mítà mẹ́ta lọ sì pòórá sáàárín wọn. Kọ̀ǹpútà wá fi omi gba ibòmíràn, ó gba ẹ̀yìn ilé tó ga ju títì lọ.

Àwọn olùwádìí mọ̀ nípa àìsàn yìí, wọ́n sì ń wá oògùn rẹ̀. Ní 2022, àwọn kan ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ gbogbo ayé jáde, èyí tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà yọ ilé àti igbó kúrò nínú rẹ̀. Ẹ lè sọ pé wọ́n ń tú gèlè. Mo ti lò ó, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Síbẹ̀, ẹyọ rẹ̀ kan ṣì jẹ́ mítà 30, odò tiwa sì jẹ́ mítà mẹ́ta. Dróònù, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, lè rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi dróònù wọn odò lónìí kò lè wọn ibi tí odò náà gbà kí wọ́n tó fẹ títì. Ìyẹn wà lórí ahọ́n ìyá tó ń ta èlùbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan kún un, nítorí pé ó dùn mí. Ní 2021, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Wọ́n fi sátẹ́láìtì ya àwòrán ìkún omi ńlá 913 láàárín 2000 sí 2018, wọ́n sì rí i pé láàárín 2000 sí 2015, iye ènìyàn tó ń gbé ní àwọn ibi tí omi kún wọ̀nyí fi mílíọ̀nù 58 sí 86 pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tó dára ni, mo máa ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tí wọ́n lò, ẹyọ rẹ̀ kan jẹ́ mítà 250. Omi tó bá wọlé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ìkùukùu, tó sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, lórí ilẹ̀ tó kéré ju ẹyọ yẹn lọ, ṣé irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ yóò rí i? Kò lè rí i. Nítorí náà, nínú ìwé tó dára jù lọ lágbàáyé, òru tí ìyá sùn lórí tábìlì kò ṣẹlẹ̀. Ìlà èédú nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1854

Gbogbo ẹni tó bá ka jọ́gíráfì ló gbọ́ ìtàn dókítà John Snow. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó lé ní ènìyàn 500 tó kú ní agbègbè kékeré kan. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Snow sọ pé omi ni. Ó ya àwòrán àdúgbò náà, ó fi àmì sí ilé tí òkú ti jáde, àwọn àmì náà sì ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street. Wọ́n ti yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí àwòrán náà tó jáde.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, wọ́n á sì fi ibẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n apá tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n máa ń fò. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan wà ní àdúgbò náà, Henry Whitehead ni orúkọ rẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́ rárá nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé tí ìyàwó wà àti ilé tí opó wà. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń padà lọ sí ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń béèrè ẹni tó mu omi náà àti ẹni tí kò mu ún. Òun ló rí ilé tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ojúlé 40 ní Broad Street, níbi tí ọmọ jòjòló kan ti ṣàìsàn, tí ìyá rẹ̀ ń da omi tó fi fọ aṣọ ìdí ọmọ náà sí kòtò tí kò jìnnà sí kànga ẹ̀rọ omi yẹn. Àwòrán Snow tọ́ka sí ibi tí ẹjọ́ wà. Ẹsẹ̀ Whitehead ló rìn dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí èmi bá ní agbára, orúkọ àwọn méjèèjì ni mo máa so pọ̀ nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ.

Orúkọ tó mọ gíga ilẹ̀

Àwa náà ní àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ kí rédà tó dé. Nínú orúkọ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ta ló ní kí wọ́n pè é ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun? Ta ló ní kí wọ́n pè é ní Òkè-Baálẹ̀? Ẹni tó bá gbọ́ ìsàlẹ̀ mọ̀ pé omi yóò wá síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ òkè mọ̀ pé omi yóò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ yẹn kúrò, tí wọ́n pe ibẹ̀ ní ẹ̀sítéètì kan báyìí báyìí, ìkìlọ̀ inú orúkọ náà bá a lọ, ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn wá ra ilẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀.

Ìtàn ìlú yìí fúnra rẹ̀ ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lároóyè àti Olútìmẹ́hìn wá omi títí wọ́n fi dé etí Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé ṣubú sínú odò, ohùn sì jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìtàn sọ pé etí omi ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó gòkè. Wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún odò àti fún igbó. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, tí UNESCO kọ sínú àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ojú tí awọnlẹ̀ fi ń wò ó ni mo fi wò ó: ilẹ̀ tí odò lè fẹ̀ sí nígbà òjò láìwọ yàrá ẹnikẹ́ni ni. Àwọn tó tẹ̀ wá dó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìbàdàn fi ojú rí i nígbà tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan náà. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àgbáyé yá wọn ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà ìkún omi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tó fi ayé sílẹ̀ ní 2022, tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì gbogbo ayé, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé ìlú Yorùbá kì í ṣe abúlé tó kàn tóbi jù. Ìlú ni, ó ní ètò, ó ní ìdí tí ọjà fi wà níwájú ààfin. Nígbà tí mo bá rí kọ̀ǹpútà tó ń pe agbo ilé ní ilé kan ṣoṣo, òun ni mo máa ń rántí. Nísinsìnyí tí wọ́n ń ṣe àwọn kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ àwòrán sátẹ́láìtì kọ́, irú èyí tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbé jáde ní 2023, ìbéèrè tí mo ń béèrè ni pé: ta ló wà níbẹ̀ láti sọ fún un ohun tí agbo ilé jẹ́?

Omi Ọ̀ṣun pọ́n

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní pẹ́. Gbogbo wa la rí i pé àwọ̀ omi Ọ̀ṣun ti yí padà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, a sì mọ̀ pé wọ́n ń wa wúrà ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Sátẹ́láìtì lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Omi tó mọ́ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, omi ẹlẹ́rẹ̀ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà sókè, nítorí náà a lè to àwòrán ọdún kan lé ti ọdún mìíràn kí a rí ibi tí wọ́n ti hú ilẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni sátẹ́láìtì rí. Kò rí mákúrì, kò rí òjé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ bu omi sínú ìgò kó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, kó sì kọ ibi tí ó ti bù ú. Inú igbó, igi tẹ̀ bo odò lọ́tùn-ún lósì débi pé a kò rí omi láti òkè rárá. Àwọn olùsìn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi ní gbogbo ọjọ́ ló lè sọ ọjọ́ tí ó pọ́n àti ọjọ́ tí ó dá.

Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn

Mo ti ń pariwo pé kí a ya àwòrán, kí a ya àwòrán. Ó yẹ kí n sọ èyí tí kò yẹ kí a yà.

Ní 2013, àwọn olùwádìí kan wo àkọsílẹ̀ ìrìn fóònù àwọn ènìyàn mílíọ̀nù kan ààbọ̀, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá mọ ibi mẹ́rin péré tí ènìyàn wà, pẹ̀lú àkókò tí ó wà níbẹ̀, a lè dá ènìyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù. Ibi mẹ́rin! Ilé, ìsọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, àti ilé ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń gbé e lọ àti ẹni tó máa rí i. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bó bá ní òun kò mọ̀, kí ó padà wá bi mí.

Àwọn ojúbọ kan sì wà nínú igbó tí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Kò sí ìdí tí ibi tí wọ́n wà gan-an fi gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù gbogbo ayé. Káàkiri ayé ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti ń sọ báyìí pé àwọn tí ìmọ̀ ti wá ló ni í, àwọn ló sì gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí a ó tẹ̀ jáde. Mo fara mọ́ wọn. Ìlà tí a ó fa yí igbó náà ká tó láti dáàbò bò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn tó ni ín pa á mọ́.

Ohun tí a ó ṣe

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, Sátidé méjì tó ń bọ̀ yìí ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò tún jáde, kí òjò tó le. Sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè kọ nǹkan sí láti 2004, ni a ó máa kọ ohun tí a bá rí. Orúkọ odò náà bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Ibi tí ó ń gbà, àti ibi tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ títì, bí ó ṣe fẹ̀ tó, bí ìdọ̀tí bá ti dí i. Gíga omi lára ògiri, tí a ó fi ọ̀pá wọ̀n láti ilẹ̀. Bí ẹni tó ni ilé kò bá mọ ọdún, a ó kọ ohun tí ó rántí sílẹ̀, ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o, ìbò ni o, a ó sì wá ọdún rẹ̀ fúnra wa.

Ẹni tí àmì omi bá wà lára ògiri ilé rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kùn ún. Ẹ dúró sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìjókòó yìí, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò yín. Ìsọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́ ni a ó kọ́kọ́ lọ. A ó wọn ìlà èédú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun. Mo ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè yín.